Eegun Ọ̀fun Mitsuyo

Ní ọjọ́ kọkànlá oṣù kejì ọdún 2022, ìyàwó mi, Mitsuyo, kú. Ó ń fọ ìrẹsì lọ́wọ́ nígbà tí ẹ̀jẹ̀ ya sí i lọ́pọlọ. Kò pẹ́ nílé ìwòsàn. Ẹni ọdún méjìdínláàádọ́rin ni.

A gbé e lọ síbi tí wọ́n ti ń sun òkú. Nígbà tí iná kú tán, wọ́n pe èmi àti Sawako, ọmọ wa kan ṣoṣo, pé kí a wá ṣa eegun rẹ̀. Igi ìjẹun gígùn, irú igi tẹ́ẹ́rẹ́ méjì tí a fi ń mú oúnjẹ ní Japan, la fi ń ṣa á. Ẹni méjì ní í gbé eegun kan: èmi fi igi tèmi mú un, Sawako fi igi tirẹ̀ mú un, a sì jọ gbé e sínú ìkòkò. Ẹsẹ̀ la ti bẹ̀rẹ̀, orí la parí sí, kí ó má baà dorí kodò nínú ìkòkò. Eegun òkú nìkan ni ẹni méjì ń jọ fi igi ìjẹun mú; ìdí nìyí tí àwọn ìyá wa kì í fi í gbà kí ọmọdé fi igi ìjẹun gba oúnjẹ lórí igi ìjẹun ẹlòmíràn. Ọmọ tó bá dán an wò á gba àbàrá lọ́wọ́.

Lẹ́yìn orí, eegun ọ̀fun la mú gbẹ̀yìn. Ó kéré, ó sì dà bí Búdà tó jókòó tó pa ọwọ́ pọ̀. Òṣìṣẹ́ ibẹ̀ gbé e sí àtẹ́lẹwọ́, ó fi hàn wá, ó ní inú òun dùn fún wa pé kò fọ́. A fi í sínú ìkòkò tirẹ̀ lọ́tọ̀, ìkòkò tí kò tóbi ju ife tíì lọ.

Nígbà tí ó pé ọjọ́ mọ́kàndínláàádọ́ta, àwọn eegun yòókù wọ ibojì ìdílé wa gẹ́gẹ́ bí ìṣe. Eegun ọ̀fun nìkan ló ṣẹ́kù sílé. Mo mọ ibi tó yẹ kó lọ. Tẹ́ńpìlì àtijọ́ kan wà lórí òkè, láàárín igbó kédárì, tí àwọn ẹbí Mitsuyo ti ń gbé eegun ọ̀fun òkú wọn lọ láti ayébáyé. Ti ìyá rẹ̀ wà níbẹ̀, ti ìyá ìyá rẹ̀ náà wà níbẹ̀. Òun fúnra rẹ̀ ló gbé ti ìyá rẹ̀ lọ. Ó ti sọ fún mi, kì í sì í ṣe ẹ̀ẹ̀kan, pé bí òun bá ṣíwájú, kí n gbé òun lọ bá wọn. Mo ní mo gbọ́.

N kò gbé e lọ. Ohun tí wọ́n bá gbà ní tẹ́ńpìlì yẹn, wọn kì í dá a padà. Wọ́n á dà á pọ̀ mọ́ ti àwọn tó ti ṣáájú, kò sì sí ẹni tó lè dá ti ẹnìkan mọ̀ yàtọ̀ mọ́. Bí mo bá fi lé wọn lọ́wọ́, kò ní sí Mitsuyo nínú ilé mọ́. Mo gbé ìkòkò náà sórí tábìlì nílé ìdáná, níwájú àga tó máa ń jókòó sí. Iwájú rẹ̀ ni mo ti ń jẹun. Ìgbà ooru kọjá, ewé pọ́n lórí igi, ó ṣì wà níbẹ̀.

Ní oṣù kọkànlá, Sawako pè mí láti Nagoya, níbi tó ti ń ṣiṣẹ́ nílé ìtajà oògùn.

“Bàbá, mo ti gba yàrá fún wa ní òtẹ́ẹ̀lì tó wà lẹ́nu ọ̀nà tẹ́ńpìlì. Oorun alẹ́ kan péré.”

“Kí la fẹ́ lọ ṣe ní òtẹ́ẹ̀lì? Mo ní ilé.”

“Ẹ ó sinmi. Omi gbígbóná wà, ariwo ò sí. Tí ilẹ̀ bá mọ́, a ó gbé Ìyá lọ. Mo ti bá wọn sọ ọ́, wọ́n ń retí wa lẹ́yìn àdúrà ìdájí.”

“Ìwọ lo lọ bá wọn sọ ọ́.”

“Èmi ni. Ṣé ẹ̀yin lẹ fẹ́ sọ ọ́?”

Ọmọ ló pè mí, mo lọ. Ṣùgbọ́n kí n tó ti ilẹ̀kùn ilé mi ní Sabae ni mo ti pinnu pé èmi àti ìkòkò náà la ó jọ padà wá.

Òtẹ́ẹ̀lì náà kò ga. Pákó ni wọ́n fi kọ́ ọ, wọn ò sì kun ún, àwọ̀ rẹ̀ bá ti igi tó yí i ká mu. Ìlànà Zen, ẹ̀ka ẹ̀sìn Búdà tó fẹ́ràn ìdákẹ́jẹ́, ni wọ́n ń tẹ̀ lé níbẹ̀ bíi ti tẹ́ńpìlì: a bọ́ bàtà, a kọ imú bàtà síta, a kì í pariwo. Obìnrin tó gbà wá lálejò ń jẹ́ Inagaki. Ó kúnlẹ̀, ó na ọwọ́ sí báàgì mi.

“Ẹ káàbọ̀, Bàbá. Ẹ jẹ́ kí n bá yín gbé e.”

“Fi sílẹ̀.”

“Kò wúwo fún mi, Bàbá.”

“Mo ní kí o fi sílẹ̀.”

Sawako bá mi tọrọ àforíjì lọ́wọ́ rẹ̀.

Ẹní koríko ló wà nílẹ̀ yàrá wa. Fèrèsé kan wà tó fẹ̀ dé ilẹ̀, odò kékeré ń ṣàn lábẹ́ rẹ̀ láàárín àwọn òkúta tí èéhọ̀n bò. Òjò ń rọ̀ wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́. Mo gbé ìkòkò jáde nínú báàgì, mo gbé e síbi tí ó ti lè kọjú sí odò. Mo jókòó tì í. Láti ọjọ́ tó ti kú, ilé mi dákẹ́ bí ìgbà tí ènìyàn ń sọ̀rọ̀ lọ́wọ́ tí ó sì dánu dúró. Ti ibí yìí yàtọ̀. Kò sí ẹni tó ń retí pé kí ẹnikẹ́ni sọ̀rọ̀. Mo jókòó títí òjò fi dá, inú mi rọ̀ díẹ̀. Mo ní Mitsuyo ì bá fẹ́ràn ibẹ̀. Èyí tún mú kí ìpinnu mi le sí i.

Ní ìrọ̀lẹ́, wọ́n kó àwọn àlejò lọ sí gbọ̀ngàn kan kí àlùfáà wá kọ́ wa ní ìjókòó àṣàrò. A kọjú sí ògiri, a ká ẹsẹ̀, a kò gbọdọ̀ mira. Àlùfáà ń rìn lẹ́yìn wa pẹ̀lú pátákó pẹlẹbẹ lọ́wọ́. Kò pẹ́ tí mo fi gbọ́ ohùn ẹnìkan tó ń hanrun lápá òsì mi. Mo gbọ́ pátákó náà lórí èjìká: pà!

“Mi ò sùn o!” ni ohùn ọkùnrin kan. “Mò ń ronú ni.”

“Ìrònú tó ń hanrun,” ni ohùn obìnrin tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀.

Ilé ìwẹ̀ ni mo ti rí ojú ọkùnrin náà dáadáa. Ogino lorúkọ rẹ̀, apẹja ní Mikuni létí òkun, ara rẹ̀ pọ́n bí edé tí a sè. Ó wọ inú omi gbígbóná wá bá mi, ó jókòó tì mí bí ẹni tí a ti jọ mọra tipẹ́.

“Ẹ̀gbọ́n, ẹ jọ̀ọ́, ṣé ẹ rí i nígbà tó gbá mi?”

“Mo gbọ́ ọ.”

“Ìyàwó mi ló wọ́ mi wá. Ó ní kí n wá kọ́ bí ọkàn ṣe ń balẹ̀. Ọkàn tèmi balẹ̀ láti ilé, ẹnu tirẹ̀ ni kò balẹ̀! Wọ́n wá ní kò sí ẹja nínú oúnjẹ alẹ́. Kò sí ẹran, kò sí ẹyin. Èmi, apẹja! Tí mo bá padà sójú omi, àwọn ẹja ò ní dá mi mọ̀ mọ́, wọ́n á ní ewúrẹ́ ló ń bọ̀.”

Mo rẹ́rìn-ín. Ó ya èmi gan-an lẹ́nu.

“Ẹ̀yin ńkọ́, ẹ̀gbọ́n? Ṣé ìyàwó ló wọ́ ẹ̀yin náà wá?”

“Òun ni.”

“Mo ti mọ̀! Gbogbo ọkùnrin tó wà níbí, ẹrú ni wá. Ó dà báyìí?”

“Ó wà ní yàrá,” ni mo wí.

Ọ̀rọ̀ náà ti jáde kí n tó mọ̀. Nígbà tó jáde tán, n kò mú un padà. Ó dùn létí mi. Ó ti pẹ́ tí ẹnìkan ti bi mí léèrè ibi tí ìyàwó mi wà, bí ẹni pé ó ṣeé ṣe kí ó wà níbìkan.

Gbọ̀ngàn kan náà ni gbogbo wa ti jẹun alẹ́. Ogino àti ìyàwó rẹ̀ jókòó nítòsí wa. Èmi àti Sawako kọjú síra wa, àwo pẹẹrẹpẹ̀ẹ̀rẹ̀ wà níwájú oníkálukú: wàrà yánmọtí dídì, ewébẹ̀, olú sísun, kókò tí wọ́n sè tó rọ̀. N kò tíì fọwọ́ kan nǹkan kan. Mo rí Ogino tó na ọrùn wo ọ̀dọ̀ wa, tó wo Sawako, tó sì pe Inagaki sí ẹ̀gbẹ́, tó ń sọ̀rọ̀ sí i létí. Inagaki wá kúnlẹ̀ ní ẹ̀gbẹ́ mi.

“Bàbá, ẹ má bínú, àṣìṣe wa ni. Ẹni méjì la rò pé ó wà ní yàrá yín. Bí Ìyá kò bá lè jáde wá, ṣé kí a gbé oúnjẹ tọ̀ wọ́n lọ?”

“Ìyá wo?” ni Sawako wí.

Ogino dá sí i láti ibi tó wà, pẹ̀lú inú rere. “Ìyàwó wọn tó wà ní yàrá ni. Ẹ̀gbọ́n fúnra wọn ló sọ fún mi nílé ìwẹ̀. Ebi ò gbọdọ̀ pa obìnrin láàárín igbó báyìí, àgàgà igbó tí kò lẹ́ja!”

Sawako wò mí. Ó rọra gbé àwo ọwọ́ rẹ̀ sílẹ̀.

“Ẹ ṣé, mà,” ni ó sọ fún Inagaki. “Kò sí ẹnì kankan ní yàrá wa.”

Inagaki wo ojú mi, ó wo ojú rẹ̀, ó tẹrí ba, ó dìde. Ìyàwó Ogino fa ọkọ rẹ̀ láṣọ. “Jẹ ewébẹ̀ rẹ,” ni ó wí, kò sì gbé ohùn sókè. Ogino kọjú sí oúnjẹ rẹ̀. Etí rẹ̀ pọ́n.

Lẹ́yìn náà ni Sawako ní, “Ẹ jẹun, Bàbá. Ẹ ti rù.” Ó fi igi ìjẹun rẹ̀ mú kókò kan nínú àwo tirẹ̀, ó nà án síwájú kí ó fi sínú àwo mi. Mo gbé igi tèmi sókè, mo fi gbà á.

Kókò náà wà láàárín wa, lórí igi ìjẹun tirẹ̀ àti tèmi. Ọwọ́ wa mọ bí a ti ń ṣe é. Kò sí ẹni tó gbọ̀n, kò sí ẹni tó jẹ́ kó jábọ́. A jọ gbé e bí a ti gbé gbogbo rẹ̀ lọ́jọ́ yẹn, láti ẹsẹ̀ dé orí.

Ojú Sawako funfun. Èmi ni mo kọ́kọ́ sọ ọ́ kalẹ̀ sínú àwo.

“Ìgbà tí a ṣe èyí kẹ́yìn,” ni ó wí.

“Mo mọ̀.”

“Bàbá, ẹ sọ fún ọkùnrin yẹn pé Ìyá wà ní yàrá.”

“Ó wà níbẹ̀.”

“Ẹ ò fẹ́ gbé e fún wọn lọ́la, àbí?”

“N kò fẹ́.”

“Mo mọ̀. Láti inú ọkọ̀ ni mo ti mọ̀. Ẹ gbé báàgì lé itan bí ẹni tó gbé ọmọ.”

“Sawako, èyí tó kéré yẹn nìkan ló kù mí kù.”

“Èmi ńkọ́?”

Kò gbé ohùn sókè, ojú àwo rẹ̀ ló ń wò.

“Gbogbo ìgbà tí mo bá wálé, orí tábìlì ni mo máa ń bá a. Ẹ ó ní kí n pa tẹlifíṣọ̀n, Ìyá ò fẹ́ ẹ nídìí oúnjẹ. Ẹ ó ní kí n rọra ti ilẹ̀kùn. Báwo ni mo ṣe fẹ́ sunkún ẹni tó jókòó sórí tábìlì? Mi ò tíì sunkún nínú ilé yẹn rí, Bàbá. Ọkọ̀ ojú irin ni mo ti ń sun ún. Bí mo bá ti wọ̀ ọ́ ní Sabae, ó di Nagoya. Ọkùnrin tó ń yẹ tíkẹ́ẹ̀tì ti mọ̀ mí. Bó bá ti rí mi, á yọ ìnujú fún mi kó tó béèrè tíkẹ́ẹ̀tì.”

“O kò sọ fún mi.”

“Ta ni ǹ bá sọ ọ́ fún? Ẹ̀yin méjèèjì lẹ jọ ń jẹun.”

Odò ń dún lábẹ́ fèrèsé. Lọ́dọ̀ àwọn Ogino, kò sí ẹni tó ń jẹun mọ́.

“Jẹun,” ni mo wí fún un.

Ó mú igi ìjẹun rẹ̀, ó jẹun. Èmi náà jẹ kókò yẹn. Bí mo bá fi í sílẹ̀ nínú àwo, yóò máa wò ó.

Agogo tẹ́ńpìlì ló jí wa. Inagaki gbé fìtílà ṣíwájú àwa àlejò, a gun àtẹ̀gùn òkúta láàárín àwọn kédárì, ẹnu wa ń rú èéfín nítorí òtútù. Nínú gbọ̀ngàn ńlá, àwọn àlùfáà tò lọ bẹẹrẹ, wọ́n ń ka ìwé mímọ́ ní ohùn kan ṣoṣo tó ti inú ilẹ̀ jáde wá. Ilẹ̀ pákó náà tutù bí omi kànga. Ìkòkò wà láyà mi lábẹ́ aṣọ. N kò tíì mọ ohun tí n ó ṣe.

Lẹ́yìn àdúrà, wọ́n mú èmi àti Sawako wọ yàrá kékeré kan. Àlùfáà tó wà níbẹ̀ kì í ṣe ọmọdé, ọ̀fìnkìn ń yọ ọ́ lẹ́nu, ó ń fa imú. Ó béèrè orúkọ òkú, mo sọ ọ́. Ó tẹ́ aṣọ funfun síwájú rẹ̀, ó na ọwọ́ méjèèjì.

Mo mú ìkòkò jáde. Mo gbé e sí orúnkún mi. Ọwọ́ mi kò tú.

Àlùfáà náà fa ọwọ́ sẹ́yìn. “Kò sí ìkánjú, Bàbá. Àwọn mìíràn máa ń jókòó síbí di ọ̀sán.”

“Bí ọ̀sán bá wá pọ́n ńkọ́?”

“A máa ń gbé tíì wá fún wọn.”

Mo wo Sawako. Ó kúnlẹ̀, ó pa ẹnu pọ̀ gírígírí, ó tẹ ẹ̀yìn ọwọ́ rẹ̀ mọ́ itan. Ojú tó máa ń ṣe nílé mi náà nìyẹn, nídìí tábìlì, tí mo ń pè ní ìwà pẹ̀lẹ́. Mo ronú kan ọkùnrin tó ń yẹ tíkẹ́ẹ̀tì. Àlejò pátápátá ni, ìnujú rẹ̀ ló sì fi ń nu ojú ọmọ mi.

Lọ́jọ́ tí Mitsuyo kú, dókítà ló fi fóònù sọ fún Sawako. N kò bá a sọ ọ́. Bí ó ti dé, iṣẹ́ ni mo yàn fún un: lọ gbé ìrọ̀rí wá, lọ pe àwọn ará àdúgbò. Láti ìgbà náà, gbólóhùn yẹn kò tíì ti ẹnu mi jáde sí etí rẹ̀.

“Sawako,” ni mo wí. “Ìyá rẹ kú.”

Ó kọ́kọ́ wò mí bí ẹni tí kò gbọ́. Lẹ́yìn náà ni ẹnu rẹ̀ là, ó sì ké. Ó sunkún bí ọmọdé tó ṣubú lójú ọ̀nà, pẹ̀lú gbogbo ọ̀fun rẹ̀, nínú tẹ́ńpìlì tí a kì í ti í wú ikọ́. Ẹsẹ̀ ẹnìkan dúró lẹ́yìn ilẹ̀kùn, ó sì tún kọjá lọ. N kò ní kí ó rọra. Mo gbé ìkòkò náà lé ọwọ́ àlùfáà. Ó gbà á, ó gbé e dé iwájú orí rẹ̀, ó wọ inú lọ pẹ̀lú rẹ̀. Mo gbọ́ tí ó fa imú lẹ́yìn aṣọ ìkélé. Ọwọ́ mi ṣì ká bí ẹni tó di nǹkan mú, mo gbé e lé ẹ̀yìn ọmọ mi.

Nígbà tí a fẹ́ kúrò ní òtẹ́ẹ̀lì, Ogino ń dúró dè mí lẹ́nu ọ̀nà. Kò ṣàwàdà. Ó tẹrí ba gidi.

“Ẹ̀gbọ́n, ẹnu mi ò ní ìdábùú. Ìyàwó mi ò sọ̀rọ̀ sí mi láti àná, mo sì mọ̀ pé ó tọ́ sí mi.”

“O kò ṣẹ̀ mí. Ìwọ lo fẹ́ kí wọ́n gbé oúnjẹ fún un.”

Ó wo ọ̀tún, ó wo òsì, ó ki ọwọ́ bọ àpò, ó sì fi nǹkan tí a fi bébà wé sí mi lọ́wọ́. Ẹja gbígbẹ ni.

“Ẹ má jẹ́ kí àwọn àlùfáà gbóòórùn rẹ̀,” ni ó wí. “Mo jí i kó wọlé ni.”

Sawako kò padà sí Nagoya lọ́jọ́ náà. A dé ilé ní ọ̀sán. Tábìlì nílé ìdáná ṣófo, n kò sì mọ ibi tí n ó gbé ojú sí. Sawako ṣí gbogbo fèrèsé, ó sunkún díẹ̀ nídìí ẹ̀rọ omi, ó fọ ojú. Lẹ́yìn náà ni ó ní kí a ṣí àwọn kọ́bọ́ọ̀dù. N kò tíì ṣí wọn láti oṣù kejì. A ṣí wọn. Ohun tí Mitsuyo fi sílẹ̀ nìyí:

Awò ojú rẹ̀, ọ̀kan fún ìwé kíkà, ọ̀kan fún ọ̀nà jíjìn. Èmi ni mo dán férémù méjèèjì nígbà tí mo ṣì ń ṣiṣẹ́ ní ilé iṣẹ́ awò. Òwú ni ó fi so apá ọ̀kan, kò sọ fún mi pé ó ti kán.

Garawa ewébẹ̀ tó fi iyọ̀ pa mọ́, òkúta odò tó fi tẹ̀ ẹ́ wà lórí rẹ̀. Ó ti bàjẹ́.

Ẹ̀wù òtútù aláwọ̀ eérú. Èèpo ọsàn gbígbẹ nínú àpò rẹ̀.

Ìbọ̀sẹ̀ tó ń hun, ẹsẹ̀ kan parí, èkejì dé ọrùn ẹsẹ̀. Ìwọ̀n ẹsẹ̀ mi ni.

Fóònù rẹ̀, ohùn dókítà eléyín nínú rẹ̀, tó ń rán an létí pé kí ó má gbàgbé ọjọ́ tí wọ́n jọ dá.

Irúgbìn àlùbọ́sà eléwé nínú ìgò jáàmù.

Fìlà oko, okùn àgbọ̀n rẹ̀ ti pọ́n fún òógùn.

Aṣọ kan tí ó rà tí kò tíì wọ̀, bébà iye owó ṣì wà lára rẹ̀. Sawako ní òun yóò mú un.

Bàtà òjò. Ẹrẹ̀ ṣì wà ní ìsàlẹ̀ rẹ̀.